Èdè Tí Ìyá Fi Rẹ̀ Wá Lẹ́kún: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Ọjọ́ Kọkànlélógún Oṣù Kejì

Ẹ̀yin àgbààgbà Koussountou, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ọjà tì nítorí wa, ẹ̀yin aláfàá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Tchamba wá, ẹ̀yin tí ẹ gun alùpùpù láti Sokodé nínú eruku yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará ilé mi láti Kambolé, ẹ kú àbọ̀.

Ẹ bá mi kí arákùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Òun ni ògbufọ̀ mi. Yorùbá ni mo máa sọ, gbólóhùn tí mo bá sì ti sọ ni òun máa gbà lẹ́nu mi, tí yóò fi èdè Koussountou gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀yin onílé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mo sọ díẹ̀ tí mo dákẹ́, ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi. Mo ń dúró de òun ni.

Ọ̀la ni ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, février inú ìwé àwọn ọmọ wa. Ẹ wo bí ayé ṣe rí lọ́dọ̀ wa lásìkò yìí. Ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́. Òdòdó ti bo igi máńgòrò. Àwọn obìnrin wà nínú oko kajú, wọ́n ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Pọ́npọ́lá inú igbó kò ní ewé kankan lórí, òdòdó pupa nìkan ló gbé dání, èèyàn á ti rí i láti òkèèrè bí ẹni rí iná. Lójú tiwa, kò sí ohun tí ọjọ́ náà fi yàtọ̀ sí àná. Kì í ṣe ọjọ́ òmìnira Togo, ìyẹn di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Kì í ṣe ọdún Iléyá. Àmọ́ ọjọ́ náà ni gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló sì wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kí a mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni, kí a tó lu ìlù ọ̀la.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947 ni wọ́n dá orílẹ̀-èdè Pakistan sílẹ̀. Orúkọ kan ni, ilẹ̀ méjì ni: apá kan ní ìwọ̀ oòrùn, apá kan ní ìlà oòrùn, India wà láàárín wọn, ọ̀nà náà sì tó 1,600 kìlómítà. Àwọn tó di agbára mú pinnu pé èdè Urdu nìkan ni ìjọba yóò máa lò. Bẹ́ẹ̀, èdè Bengali ni àwọn ará ìlà oòrùn ń sọ, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dhirendranath Datta dìde nílé aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1948. Ó ní nínú mílíọ̀nù 69 èèyàn tó wà ní Pakistan, mílíọ̀nù 44 ló ń sọ Bengali. Ó mú àpẹẹrẹ àgbẹ̀ kan wá: àgbẹ̀ náà ní ọmọ tó ń kàwé ní Yunifásítì Dhaka, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, ó dé ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé rẹ̀, èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù tí wọ́n nà sí i. Owó wà lọ́wọ́ bàbá, ọmọ wà níbi tó ti nílò owó, ìwé pélébé kan ló dúró sáàárín wọn.

Ẹ má gbàgbé ohun tí Datta bèèrè o. Kò ní kí wọ́n lé Urdu lọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Bengali jókòó nílé aṣòfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Urdu. Wọ́n kọ̀ fún un. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Muhammad Ali Jinnah, ẹni tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, wá sí Dhaka fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn pé Urdu ni èdè ìjọba, kò sí òmíràn. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1952, olórí ìjọba, Khawaja Nazimuddin, tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní Dhaka. Ara kò gbà á mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì láti jáde. Ìjọba gbọ́, wọ́n kéde pé àpéjọ di èèwọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà yunifásítì, wọ́n ń ronú bóyá kí wọ́n jáde tàbí kí wọ́n má jáde. Ẹ̀yin ọmọ tó wà níwájú, ẹ gbójú sókè wo igi tí a wà lábẹ́ rẹ̀ yìí. Irú igi yẹn ni. Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn yóò jáde ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwọn ọmọbìnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dojú kọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yin tajútajú sí wọn, wọ́n kó àwọn kan sínú ọkọ̀, àwọn tó kù kò lọ sílé. Nígbà tó di ọ̀sán, nítòsí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ọlọ́pàá yìnbọn.

Abul Barkat kú, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Rafiquddin Ahmed kú, akẹ́kọ̀ọ́ lòun náà, bàbá rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Abdul Jabbar kú. Jabbar kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ará abúlé ni, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló gbé wá sí ọsibítù ní Dhaka. Abdus Salam, òṣìṣẹ́ kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba, fi ara gba ọta, ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún yìnbọn, Shafiur Rahman tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ gíga bá a lọ. Nígbà tí mo bá ka orúkọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ Jabbar ló máa ń gún mi lọ́kàn jù, nítorí pé gbogbo wa níbí la mọ ọkọ ọmọ tó ń gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù Sokodé.

Ní òru ọjọ́ 23, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kó bíríkì àti sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n sì mọ òpó ìrántí síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ń gbé òdòdó wá síbẹ̀. Ní ọjọ́ 26, ọlọ́pàá wó o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bíríkì. Nígbà tó di ọdún 1956, òfin Pakistan gba Urdu àti Bengali wọlé pọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba, gan-an bí Datta ṣe bèèrè níjọ́ kìíní. Ní 1971, ìlà oòrùn yẹn di Bangladesh, orílẹ̀-èdè tó fi èdè jẹ́ orúkọ. Datta kò bá wọn débẹ̀. Àwọn sójà wá mú un nílé rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sì pa á.

Títí dòní, ní ìdájí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, àwọn ará Dhaka máa ń bọ́ bàtà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi òpó ìrántí tuntun tí wọ́n mọ, òdòdó á wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà òtútù wọn ń parí nígbà náà, igi kan tí wọ́n ń pè ní shimul á wọṣọ pupa láìní ewé kan lórí. Ẹbí pọ́npọ́lá wa ni shimul, ìran kan náà ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, n kò lè rí pọ́npọ́lá lójú ọ̀nà Tchamba kí n má rántí wọn.

Báwo ni ọjọ́ àwọn ará Dhaka ṣe wá di tiwa? Ọmọ Bangladesh kan tó ń gbé ní Vancouver ní Kánádà, Rafiqul Islam, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Abdus Salam bíi ti ẹni tó kú yẹn, ló kọ lẹ́tà ní oṣù kìíní ọdún 1998 sí olórí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Olórí yẹn ni Kofi Annan, ọmọ Kumasi, aládùúgbò wa ní Ghana. Lẹ́tà náà lọ, ó bọ̀, ó dé UNESCO ní Paris. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1999, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọdún 2000 ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ṣe é.

Àwọn aláfàá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí èyí. Mùsùlùmí ló wà nípò agbára ní Pakistan, Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yìnbọn lù. Wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Bengali dípò lẹ́tà tirẹ̀, bí ẹni pé ìgbàgbọ́ á pé sí i nípa bẹ́ẹ̀. Al-Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrà Rúùmù, ẹsẹ 22, ka ìyàtọ̀ ahọ́n wa mọ́ àwọn àmì Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí ẹ bá ti kéwú tán ní Lárúbáwá, èdè ilé ni ẹ fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéú, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti yé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré, igi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Signal ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ á gbé e fún ọmọ kan ní àárọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ tó sọ èdè ilé rẹ̀ ni wọ́n á gbé e kọ́ lọ́rùn, òun náà á máa dọdẹ ẹlòmíràn kiri títí yóò fi bọ́ ọ sí ìyẹn lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo bá lù ni yóò jẹ pàṣán. Okùn náà máa ń yún èèyàn lẹ́yìn ọrùn, àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ṣáájú ti làágùn sí i.

Lọ́jọ́ kan, ó kù díẹ̀ kí agogo lù, ó wà lọ́rùn mi. Kò sí ẹni tó yánu. Gbogbo wọn ń wò mí. Àbúrò mi obìnrin dúró níwájú mi lórí ìlà, ọmọ ọdún méje ni. Mo mọ̀ pé kò tíì gbọ́ Faransé rárá. Mo gbé gìgísẹ̀ mi lé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó pariwo pé, “Yéè, ìyá mi o!” Mo bọ́ igi náà, mo sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n nà án níṣojú mi.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí èdè láti ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tó kọ́ mi tó igbe yẹn. Nígbà tí ìrora dé, èdè tí ìyá wa fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ló jáde, òun sì ni mo fi ṣe ẹ̀rí mú un. Àbúrò mi ti dárí jì mí, ó tilẹ̀ ní òun kò rántí. Èmi rántí.

Ní àárọ̀ yìí, bí a ṣe ń múra ọ̀rọ̀ yìí, ògbufọ̀ mi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, èdè abínibí tí ẹ ń wí yìí, ti bàbá ni àbí ti ìyá?” N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ará ìhín ni, bàbá rẹ̀ Kotokoli, èdè Tem ló fi ń ná ọjà ní Sokodé, ó gbọ́ Yorùbá nítorí ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Kambolé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Èwo la óò yọ nínú ìyẹn? Àwọn tó kọ ìwé nípa èdè ní Yúróòpù máa ń rò pé ilé kan, èdè kan. Ẹ bá mi gba ọ̀nà yìí láti Sokodé. Tem la bá níbẹ̀. A ó dé Tchamba, Akaselem ni àwọn onílé ń sọ. A ó dé Koussountou níbí, èdè tiyín, tí ẹ̀yin àti àwọn ará Bago jọ ní. Ẹ yà sí Balanka, Anii ni. Kí a tó dé Kambolé, èdè tiwa, Nàgó, tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Manigri ní Benin, a ó ti bá Fúlàní pàdé pẹ̀lú màlúù rẹ̀, a ó sì ti kí i ní Fulfulde. Ìrìn náà kò tó ọjọ́ kan lórí alùpùpù. Ọmọ tó gbọ́ mẹ́ta nínú wọn kò ṣe bàbàrà lójú wa, ìyá rẹ̀ kan ń rán an níṣẹ́ ni.

Èyí ni mo fi wá bá ẹ̀yin ará ilé mi láti Kambolé wí lójú gbogbo ayé. Nígbà tí a bá ní ká ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí, Yorùbá nìkan ni ọkàn wa ń lọ sí. Ó yẹ ká fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, Samuel Àjàyí Crowther, ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé yọ. Síbẹ̀, ìjọba Nàìjíríà tó fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ti fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ó dùn mí púpọ̀. Bí èdè tó ní ìwé, tó ní ìwé ìròyìn, tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n, bá lè rí irú èyí, kí ni kí ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú ìwọ̀nyẹn sọ?

Ẹni náà sì jókòó níwájú wa. Nígbà tí ìjọba Togo tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1975, Ewé àti Kabiyè ni wọ́n mú wọ ilé-ìwé, Ewé fún gúúsù, Kabiyè fún àríwá. Iṣẹ́ rere ni lójú ẹni tó mọ ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ Koussountou tí wọ́n bá fi Kabiyè kọ́, èdè àjèjì kejì ni wọ́n gbé fún un. Àwa ará Kambolé sì wà níbẹ̀, a ní wọ́n fojú di tiwa, lọ́jọ́ kan náà tí àwa tí à ń wá sí ọjà Koussountou láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè kí ìyá oníṣu ní èdè rẹ̀ délẹ̀. Òun ló kọ́ tiwa. Ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bangladesh díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n kọ òfin tuntun ní 1972, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bengali ni gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Manabendra Narayan Larma, aṣojú àwọn ará òkè Chittagong, dìde nílé aṣòfin. Ó ní Chakma lòun, pé òun jẹ́ ọmọ Bangladesh, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe Bengali. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún tí ọlọ́pàá yìnbọn ní Dhaka ni, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ lẹ́tà wọn ti di etí sí ẹlòmíràn. N kò sọ èyí láti fi bu àwọn tó kú kù. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwa Yorùbá pọ̀, ohùn wa sì ròkè.

Ohun tí mo bá wá síbí kò tóbi. Ìwé àjákọ kan ni, olójú-ewé ọgọ́rùn-ún, ẹ wò ó, mo ti fa ìlà sí i. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ẹnu ìyá àgbà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀: orúkọ ewé, orúkọ irú iṣu kan, ohun tí wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èdè Koussountou ni yóò gba ojú-ewé kìíní, nítorí ilé rẹ̀ la wà. Akaselem yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Anii, Tem àti Fulfulde. Kambolé yóò wà ní ìparí, mo ti bá àwọn àgbà wa sọ ọ́, wọ́n sì gbà.

Ògbufọ̀ mi ti dúró láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́. Ẹ fún un lómi. Òun ló kù tí yóò sọ̀rọ̀, ti ara rẹ̀ ni yóò sì sọ, kì í ṣe tèmi. Yóò sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi yóò lọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo bẹ ọ̀kan nínú yín tó gbọ́ Yorùbá, kí ó wá jókòó tì mí, kí ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi.